Ìbọn Onígáàsì Ọmọ Àbúrò Mi

Ní Kétu, ọ̀rọ̀ ìbọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìlú ọdẹ ni wá. Ní Brazil pàápàá, níbi tí àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú gbé orúkọ ìlú yìí dé, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ọlọ́fà ni wọ́n ń pè ní ọba Kétu. Ẹni tó bá sì ti dúró níwájú Àkàbà Ìdènà rí, tí ó wo yàrà àti ògiri amọ̀ tí àwọn baba wa fi dáàbò bo ìlú, yóò rántí pé gbogbo rẹ̀ kò dí àwọn ọmọ ogun Dahomey lọ́wọ́ ní ọdún 1886, nígbà tí wọ́n fọ́ ìlú, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lọ. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ àbúrò mi obìnrin, tí a bí tí a sì tọ́ ní ilẹ̀ Faransé, kọ̀wé sí mi pé, «Tonton, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yan ìbọn kan», n kò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ń béèrè kì í ṣe ìbọn tòótọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní airsoft. Àwùjọ méjì á wọ inú igbó tàbí ilé àwókù kan tí olówó rẹ̀ gbà wọ́n láyè, wọ́n á máa ta ọta oníke lu ara wọn. Ẹni tí ọta bá bà á gbé ọwọ́ sókè, á kígbe pé ó ba òun, á sì jáde. Ọta náà kì í fi àmì sílẹ̀ lára aṣọ, kò sì sí adájọ́ tó lè rí gbogbo rẹ̀: ẹnu ẹni tí ọta bà ni ìdájọ́ wà. Ohun yìí nìkan ni ó wù mí nínú eré náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Owó tí ọmọ náà fi iṣẹ́ ìgbà ìsinmi kó jọ jẹ́ euro 150. Mo ṣírò rẹ̀ sí owó wa: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó CFA 98.400, nítorí pé euro kan kì í yẹ̀ kúrò lórí 655,957. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà ní Benin láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ CFA 52.000. Ẹ wò ó, owó oṣù méjì tó dín díẹ̀ fún ohun ìṣeré! Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Òun gan-an ni ó ní kí ọmọ náà kọ̀wé sí mi, ó rò pé èmi olùkọ́, àgbà ilé, yóò sọ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀.

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti pé ọdún 18, tí a bá kàn dá a lóhùn pẹ̀lú «rárá», yóò lọ béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yẹn sì lè má mọ nǹkan kan. Mo ní kí ó dúró dè mí di oṣù kẹjọ, torí mo ti gba ìwé àṣẹ láti lọ kí wọn ní ẹ̀gbẹ́ Lyon. Ṣé ẹ mọ̀ pé PCT ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní CEG? Ìfúnpá gáàsì wà nínú ohun tí mo ń kọ sára pátákó lọ́dọọdún. Mo fẹ́ rí i níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Japan ni eré yìí ti wá. Òfin ọdún 1958 ní orílẹ̀-èdè náà fi ọwọ́ líle mú ìbọn àti idà, débi pé ará ìlú lásán kò lè ní ìbọn ìléwọ́ nílé. Àwọn tí ìrísí ìbọn wù kò jáwọ́. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó ń ta ike. Ní ọdún 1991, ilé iṣẹ́ Tokyo Marui gbé àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń fi mọ́tò àti bátìrì ṣiṣẹ́ jáde, àwòrán FAMAS, ìbọn àwọn ọmọ ogun Faransé, ni wọ́n sì fi ṣe é. Ọmọ àbúrò mi kò mọ èyí. Inú rẹ̀ dùn pé òun rí ohun tí òun lè fi bá àwọn ọ̀rẹ́ òun jiyàn.

Ìbọn ìléwọ́ onígáàsì kò ní ẹ̀tù, kò sì ń ná iná. Nínú ilé ọta rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní chargeur, yàrá kékeré kan wà tí a ń rọ gáàsì sí. Gáàsì náà wà níbẹ̀ bí omi, gẹ́gẹ́ bí ti ìgò gáàsì ilé ìdáná wa: bí ẹ bá mi ìgò náà, ẹ ó gbọ́ ọ bí ó ti ń gbọ̀n nínú. Bí ìka bá fà á, òòlù kékeré kan á lu ìdérí ẹnu yàrá náà, díẹ̀ nínú omi gáàsì á di atẹ́gùn, atẹ́gùn á sì ti ọta jáde. Ọta ọ̀hún jẹ́ ike róbótó, mìlímítà 6 ní fífẹ̀, gíráàmù 0,20 tàbí 0,25 ní ìwọ̀n.

Agbára tí ọta fi ń kúrò lẹ́nu ìbọn ni òfin Faransé ń wọ̀n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lè ṣírò rẹ̀ láìwo ìwé: ẹ sọ iyára di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n ọta sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ mú ìdajì. Ọta gíráàmù 0,20 tó ń rin mítà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní joule 1 gééré. Àṣẹ ìjọba ti ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1999 sọ pé ohunkóhun tó bá jọ ìbọn, tí agbára rẹ̀ wà láàárín joule 0,08 sí joule 2, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18. Kò gbọdọ̀ fi ta á lọ́rẹ, kò gbọdọ̀ yá a. Bí agbára rẹ̀ bá ju joule 2 lọ, ó ti kúrò ní ohun ìṣeré, ó di ohun ìjà lójú òfin. Mo fẹ́ràn òfin tó bá ní nọ́mbà. Ènìyàn lè bá a jókòó, kí ó sì ṣe ìṣírò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó le ni ti gáàsì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá olówó pọ́ọ́kú ti ń kọsẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú agolo tí wọ́n ń tà fún eré yìí jẹ́ propane tí wọ́n fi òróró silicone díẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n butane ìdáná wa ni. Ní ìwọ̀n ooru 20, ìfúnpá rẹ̀ ju báà 8 lọ díẹ̀. Bí ooru bá wálẹ̀ dé òdo, ìfúnpá náà kò tó báà 5 mọ́. Èyí ni pé ìbọn tó ń ta ṣáṣá ní oṣù kẹjọ yóò máa húkọ́ ní oṣù kejìlá. Àwọn ará Japan fẹ́ràn 134a, gáàsì fìríìjì, tí ìfúnpá rẹ̀ kò tó báà 6 ní ìwọ̀n ooru 20 yẹn. Ìdí nìyí tí apá òkè ọ̀pọ̀ ìbọn wọn fi jẹ́ ike fífúyẹ́. Ẹni tó bá rọ propane sínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ó bá là.

CO2 ń bẹ pẹ̀lú, nínú ìgò irin kékeré gíráàmù 12. Ìfúnpá tirẹ̀ ń lọ sí báà 57 ní ìwọ̀n ooru 20. Òtútù kò tètè borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lu irin inú ìbọn kíkankíkan, agbára tó ń fún ọta sì lè kọjá ohun tí àwọn tó ni pápá gbà láyè. (Fún àwọn ọmọ kíláàsì mi tó bá ń ka èyí: bí ooru bá ti ju 31 lọ, CO2 kò lè jẹ́ omi mọ́, bí ó ti wù kí a tẹ̀ ẹ́ tó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí tẹmómítà ń kà ní ọ̀sán oṣù kẹta nílé wa.)

Ẹ tún wo ti ìtutù. Omi tó ń di atẹ́gùn a máa gba ooru lára ohun tó yí i ká. Bí nọ́ọ̀sì bá fi ọtí nu apá yín kí ó tó gún abẹ́rẹ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n lára. Bí ọmọ bá ń ta ọta mẹ́wàá mọ́ra wọn, ilé ọta á tutù nini, ìfúnpá á wálẹ̀, ọta kọkànlá kò ní jìnnà bí ti àkọ́kọ́. Àwọn ìbọn tí apá òkè wọn ń sún sẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ta, bí ti sinimá, ń jẹ gáàsì ju èyí tí kò mira lọ, nítorí pé gáàsì kan náà ni ó ń ti ọta tí ó sì ń ti irin. Ẹwà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó ń bá a rìn.

Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ kò tóbi. Ọkùnrin tó ni ín fi sùúrù dá wa lóhùn, kò sì gbìyànjú láti ta èyí tó wọ́n jù fún wa, èyí tí mo kà sí ìwà ọmọlúwàbí. Ara ògiri rẹ̀ kún fún àwòrán Glock, Beretta àti Colt. Ojú ọmọ náà ti lẹ̀ mọ́ Colt 1911 kan tí wọ́n ṣe ní Taiwan, irin ni gbogbo ara rẹ̀, apá òkè rẹ̀ ń sún, euro 129. Ó gbé e lọ́wọ́. Ó wuwo. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe yí padà, mo sì rántí pé báyìí ni ara àwa náà ṣe ń rí nígbà tí a bá fi pòròpórò àgbàdo ṣe ìbọn ní ìgbà èwe.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi ọlọ́jà kì í ṣe iye ìbọn, bí kò ṣe iye ilé ọta kejì. Lára ilé ọta ni gáàsì ti ń jò, nítorí àwọn òrùka rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ ń gbẹ, wọ́n sì ń là. Bí ó bá ti ń jò, ìbọn tí a rà ní owó ńlá di igi. Ti Colt yẹn jẹ́ euro 34. Èkejì, mo béèrè bóyá a lè rí òrùka rọ́bà náà rà lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta, mo ní kí ó fi ẹ̀rọ tó ń wọn iyára hàn wá ohun tí ìbọn náà ń ṣe lóòótọ́, torí ohun tí a kọ sára páálí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tajà.

Kí a tó padà sórí ìbọn, mo mú ọmọ náà lọ síwájú pẹpẹ awò ojú. Níbí ni n kò ti gbà kí a ná owó sílẹ̀. Awò tí wọ́n yẹ̀ wò ní Yúróòpù lábẹ́ ìlànà EN 166 ní lẹ́tà kan lára. Lẹ́tà F sọ pé wọ́n ta ọta irin gíráàmù 0,86 lù ú ní iyára mítà 45 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì fọ́. Lẹ́tà B sọ pé mítà 120 ni. Mo ṣe ìṣírò náà lẹ́yìn rìsíìtì kan: F kò tó joule 1, B ju joule 6 lọ. Awò olówó pọ́ọ́kú tí ọmọ náà ti mú tẹ́lẹ̀, F ni. Ó dá a padà láìjiyàn, torí nọ́mbà ni ó bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Awò B pẹ̀lú ìbòjú tó bo ẹnu àti eyín jẹ́ euro 38.

Lẹ́yìn èyí, gáàsì agolo kan euro 13, àpò ọta euro 11, òróró silicone euro 7, àpò tó ní àgádágodo euro 15. Ẹ ro ó: euro 84 ti lọ, kò ku ju 66. Colt ti jáde nínú ọ̀rọ̀. Mo lè fi owó kún un, mo sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní bí mo bá fi kọ́bọ̀ kan kún un, kí n wá ilé mìíràn sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Euro 65 ni a fi ra èyí tí a rà. KJ Works ti Taiwan ni ó ṣe é, àwòrán Ruger Mk I, ìbọn tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ta ojú àmì láti ọdún 1951. Ọ̀pá rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, apá òkè rẹ̀ kì í sún. Kò ní ẹwà sinimá. Ṣùgbọ́n gbogbo gáàsì rẹ̀ wà fún ọta, ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń ta síbi tí a bá dojú rẹ̀ kọ. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà tó ń tún un ṣe. Rọ́bà kékeré kan wà lókè inú ọ̀pá ìbọn tó ń fi orí ọta yí sẹ́yìn bí ó ti ń jáde, yíyí yìí sì ni ó ń gbé e ró lójú ọ̀run kí ó má tètè jábọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ rántí bọ́ọ̀lù tí Roberto Carlos gbá sí àwọn Faransé ní Lyon yìí kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1997? Iṣẹ́ kan náà ni atẹ́gùn ṣe fún un. Ẹ̀gbẹ́ ni ó yí bọ́ọ̀lù yẹn sí, òkè ni ó ń gbé ọta yìí sí. Mo gbádùn ọjọ́ náà ju bí mo ti rò lọ.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn kì í ṣe owó. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ra ìbọn náà, nígbà tí ọmọ ti wọlé, ó dárúkọ Tamir Rice fún mi. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, ọmọ dúdú ọdún 12 yìí ń fi ìbọn airsoft ṣeré nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó yá a, àwòrán Colt ni, àmì ọsàn tó yẹ kí ó wà lẹ́nu rẹ̀ ti kúrò. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, kò sì pé ìṣẹ́jú àáyá méjì tí wọ́n fi yìnbọn lu ọmọ náà. Ó kú ní ọjọ́ kejì. «Ẹ̀gbọ́n,» àbúrò mi wí, «ta ni ó wọn joule rẹ̀?»

N kò ní èsì. A pe ọmọ náà jáde. Ó gbọ́ ìtàn náà dé òpin, ó sì sọ ohun tí mo mọ̀ pé yóò sọ: pé àwọn ọ̀rẹ́ òun òyìnbó ń gbé tiwọn sínú àpò ẹ̀yìn lásán, wọ́n a tilẹ̀ máa mú un jáde ní ibùdókọ̀ láti fi han ara wọn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ìyá rẹ̀ ní, «Àwọn ni wọ́n. Ìwọ ni ìwọ.» Ó dùn mí pé òótọ́ ni, ó sì tún dùn mí pé inú ilé wa ni a ti ní láti sọ ọ́.

Bàbá bàbá mi jẹ́ ọdẹ. Bàbá mi sọ fún wa pé bàbá náà kì í wọ abúlé láìyí ẹnu ṣakabùlà rẹ̀ sókè, àti pé bí ó bá rí ọmọdé tó na igi sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń yìnbọn, yóò gba igi náà, yóò dá a sí méjì. Àwọn àgbà sọ pé ìbọn lápatí, kò lápatí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ lè ní eré tí mo ná owó ọmọ náà lé lórí tako ẹ̀kọ́ yìí pátápátá. Mo ti rò ó. Nínú pápá, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni ó gbà, gbogbo ojú ni a bò, ẹni tó bá sì ní ó tó, wọ́n á dáwọ́ dúró. Òde pápá ni ọ̀rọ̀ bàbá bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì yọ ẹnì kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. A sọ ọ́ di àdéhùn ní tábìlì: ilé ọta yóò jáde kúrò nínú ìbọn kí ó tó kúrò ní pápá, ìbọn yóò wà nínú àpò tí a tì pa, àpò náà kò ní ṣí nínú ọkọ̀, ní òpópónà, tàbí ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìta, kò sì gbọdọ̀ ya àwòrán ara rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láìsí ìbòjú eré lójú rẹ̀. Ọmọ náà jiyàn lórí èyí tó kẹ́yìn títí di agogo mọ́kànlá. Ìyá rẹ̀ kò yí ohùn padà.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó béèrè bóyá òun lè mú un wá sí Kétu ní ìgbà Kérésìmesì, kí òun fi han àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní kó má ṣe dán an wò. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọṣẹ́ ní àríwá Benin ní ọdún 2021, ojú àwọn ọmọ ogun wa kò fara mọ́ ohunkóhun tó bá jọ ìbọn nínú ẹrù ènìyàn, n kò sì fẹ́ kí a máa ṣàlàyé propane àti òrùka rọ́bà fún ẹnì kan ní ojú ọ̀nà lóru. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò wo fídíò. Ó gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mìíràn: ilé ọta kejì, torí òtútù ti dé, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju ọta mẹ́jọ lọ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ máa fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ láàárín eré méjì, kí ara rẹ̀ máa mú un móoru, kí ó sì kọ iye ọta tó ta sínú ìwé fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta. Ó ti fi ti ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ ránṣẹ́: ọta mẹ́rìnlá.